Ọ̀kẹ́rẹ́, Ọ̀yà àti Títì Ore: Ìtàn Ẹran Ìgbẹ́ ní Agbègbè Agbabu

Nínú ìtàn Ifá kan, àwọn awo kìlọ̀ fún ọ̀kẹ́rẹ́ pé kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Kò gbọ́. Ó bímọ méjì, inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó wá ń ké sí gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ sóko pé ilé òun ti kún. Àwọn èrò ọ̀nà yà wò ó, wọ́n bá ọmọ méjèèjì nínú ìtẹ́, wọ́n sì kó wọn lọ sílé. Orí iyán ni wọ́n ti rí àwọn ọmọ náà kẹ́yìn, wọ́n bá ọbẹ̀ lọ. Àwọn àgbà máa ń fi ìtàn yìí kìlọ̀ fún ọmọdé nípa ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí mìíràn wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ń wá ìtàn oúnjẹ: ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń fi ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ iyán.

Ní Agbabu, ọ̀dà ni àlejò sábà máa ń wá wò. Ìlú kékeré létí odò Oluwa ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bítúmẹ́nì sì ń sun jáde láti inú ilẹ̀ níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1908 ni ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, èyí tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀, ti ń gbẹ́ kànga káàkiri agbègbè náà, títí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Ìwé tó bá mẹ́nu ba Agbabu lónìí, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni yóò kọ́kọ́ sọ. Kí òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ dé, igbó tó yí odò náà ká ti ń bọ́ èèyàn, ìtàn ẹran inú rẹ̀ sì gùn ju ìtàn ọ̀dà lọ fíìfíì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ti gùn tó, kó dé Ìsàrún, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ihò àpáta kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ihò Eléèrú. Ní 1965, Thurstan Shaw ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú egungun èèyàn kan níbẹ̀, tó ti lo ọdún tó lé ní 11,000 nínú ilẹ̀. Ó wà lára egungun èèyàn tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí wọ́n tíì rí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òkúta tí ọwọ́ èèyàn gbẹ́ tí wọ́n kó jáde nínú ihò náà lé ní 500,000. Wẹ́wẹ́, mímú, irú èyí tí wọ́n lè fi sórí ọfà, wà lára wọn. Àwọn tó gbé ibẹ̀ kò tíì máa dáko. Ohun tí wọ́n bá pa àti ohun tí wọ́n bá ká ni wọ́n ń jẹ. Ọdẹ ti wà nínú igbó yìí kí àgbẹ̀ tó dé.

Àwọn baba Ìkálẹ̀ àti Oǹdó tó wá dẹ igbó náà lẹ́yìn wọn ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á kó ajá jọ, ọ̀pọ̀ èèyàn á pagbo yí igbó ká, wọ́n á sì lé ẹran síta. Lóru, ọdẹ kan ṣoṣo á gun ègùn sórí igi tí èso rẹ̀ ń já bọ́, á dákẹ́ rọ́rọ́ síbẹ̀ títí ẹtu tàbí òòrẹ̀ yóò fi wá jẹun. Ẹ̀bìtì wà fún òkété, ọ̀fìn wà fún túùkú tó ń hú iṣu, tàkúté sì wà lójú ọ̀nà tí ọ̀yà ń gbà wọ oko.

Ìbọn ṣakabùlà tí òwò etíkun mú wọlé fi kún agbára wọn, àmọ́ ó ní ìjánu tirẹ̀. Ọdẹ á da ẹ̀tù sínú ìbọn, á kì í, á fi ọta sí i, á tún kì í. Bí ìbọn bá dún tí ọta sì tàsé, ẹran ti sá lọ kó tó lè kì í lẹ́ẹ̀kejì. Owó ni ẹ̀tù, owó ni ọta. Ọdẹ tó mọ iṣẹ́ kì í fi wọ́n ṣòfò sórí ẹran tí kò kún ọwọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀kẹ́rẹ́ fi jẹ́ ẹran ọmọdé. Ọmọkùnrin tó bá tẹ̀lé baba rẹ̀ lọ sóko á mú kànnàkànnà dání, á lọ lúgọ sábẹ́ igi kòkó. Ọ̀tá àgbẹ̀ ni ọ̀kẹ́rẹ́ nínú oko kòkó: á jẹ ihò sára èso tó ti gbó, á sì mu omi dídùn tó wà lára hóró rẹ̀. Ẹni tó bá pa á ti dáàbò bo kòkó, ó sì ti rí ẹran. Bó bá sì fi lè sá dé orí igi ńlá, ọ̀rọ̀ parí: ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá. Ẹnu àwọn tó ti dúró sábẹ́ igi bẹ́ẹ̀ rí ni òwe náà ti wá.

Ìmọ̀ àwọn ọdẹ wọ̀nyí kò mọ sí bí wọ́n ṣe ń pa ẹran. Nínú ìjálá, ẹtu ní oríkì, àgbọ̀nrín ní oríkì, ẹfọ̀n àti erin ní tiwọn; bí ẹran ṣe ń rìn, bó ṣe ń sùn, bí awọ rẹ̀ ṣe rí, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìwé tí S. A. Babalọlá ṣe lórí ìjálá, èyí tó jáde ní 1966, ṣì ni atọ́nà fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìmọ̀ náà ti jinlẹ̀ tó. Ọmọ Òkè-Igbó, nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, sì ni D. O. Fágúnwà tó fi ọdẹ ṣe ẹ̀dá ìtàn nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938.

Ilé ìdáná ni ìtàn náà ti dùn jù.

Wọn kì í bó awọ ọ̀kẹ́rẹ́ tàbí ti ọ̀yà. Iná ni wọ́n fi ń wì í. Wọ́n á dá iná igi, wọ́n á na ẹran sórí ọwọ́ iná, wọ́n á máa yí i, irun á jó, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àgbàlá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú ọ̀bẹ, wọ́n á fi ojú rẹ̀ ha irun tó jóná kúrò, láti orí dé ìrù, wọ́n á padà sí abẹ́ apá àti àárín ọmọ ìka níbi tí irun máa ń fara pamọ́ sí. Kànrìnkàn àti omi ló kàn, títí awọ yóò fi mọ́ tí yóò sì máa dán. Ẹni tó bá kánjú níbí yìí yóò rí i nínú ọbẹ̀, nítorí irun tó jóná máa ń korò. Òòrẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀: omi gbígbóná ni wọ́n ń dà lé e kí ẹ̀gún rẹ̀ tó tu. Òkété tó ti dàgbà ní òórùn kan lára. Ata àti ẹ̀fìnrìn ló ń pa á.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kò tó ohun tí à ń gé wẹ́wẹ́. Odindi ni wọ́n ń ká a kò, wọ́n á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un kó má baà tú, wọ́n á sì yan án gbẹ. Ẹran rẹ̀ le díẹ̀, kò lọ́ràá, ara egungun ni adùn rẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í se ọbẹ̀ àlejò. Ẹni tí yóò jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè jókòó, kó máa fà á ya, kó máa mu egungun rẹ̀.

Ẹran ńlá ni wọ́n ń tò sórí àjà ààrò. Nílẹ̀ Ìkálẹ̀, àjà kan náà ni ibùgbé pupuru. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á sì tò ó sókè iná kó gbẹ. Nígbà tó bá ṣetán, wọ́n á ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti dúdú kúrò, wọ́n á gún inú rẹ̀ tó funfun, wọ́n á kù ú, wọ́n á sì rò ó lórí iná. Nítorí náà èéfín kan náà ló ń fi òórùn rẹ̀ sára òkèlè àti sára ẹran, èyí sì ni adùn tí ọmọ Ìkálẹ̀ tó ti pẹ́ ní Èkó máa ń ṣàárò rẹ̀. Wọ́n lè fi ọbẹ̀ marugbo dúdú jẹ pupuru náà. Ní ọ̀dọ̀ àwọn Oǹdó, iyán àti ẹ̀gúsí ni ẹran yíyan sábà máa ń bá rìn.

Ẹran yíyan kì í tètè jinná. Wọ́n á fi omi gbígbóná fọ eruku àti èéfín ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á kọ́kọ́ fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sè é lọ́tọ̀ kó tó wọ inú ọbẹ̀. Omi tó bá kù nínú ìkòkò yẹn ni ẹ̀mí ọbẹ̀. Ìyàwó ilé tó bá dà á nù ti da ìdajì iṣẹ́ ọdẹ nù.

Àwọn òfin kan wà tó so àwo pọ̀ mọ́ ìlú. Ẹkùn kì í ṣe ẹran tí ọdẹ ń dá pín: awọ rẹ̀ ń lọ sí ààfin. Eyín erin náà, ọba ní ìpín nínú rẹ̀. Òbí ìbejì kì í jẹ ẹdun, ọ̀pọ̀ ìdílé sì ní ẹran kan tí wọn kì í fẹnu kàn láé. Ìtàn kan wà lẹ́yìn èèwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ṣe lápapọ̀ ni pé kò sí ẹran tí gbogbo ọwọ́ ń nà sí lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn baba wa kò pa ẹran púpọ̀ rí. Èèyàn kò pọ̀ nígbà náà, ìbọn kò pọ̀, ẹran tí wọ́n bá sì pa kò lè rìn jìnnà kó tó bàjẹ́.

Ìjọba amúnisìn wá fi ààlà sí igbó, gẹdú ló sì ń wá. Ní 1925, òfin fìdí Igbó Ọba Shasha múlẹ̀, èyí tí Igbó Omo wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ní ìwọ̀-oòrùn odò Oluwa. Igbó Ọba Oluwa, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, fẹ̀ tó kìlómítà 829 níbùú lóròó. Àwọn oníṣẹ́ gẹdú la ọ̀nà wọnú igbó kí ọkọ̀ lè kó igi jáde, ọdẹ sì gba ọ̀nà kan náà wọlé. Nígbà tó ṣe, wọ́n gé apá ńlá nínú igbó àdánidá náà, wọ́n gbin igi Gmelina dípò rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ìwé tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ ní Iwopin. Kòkó gba apá kan, ọ̀pẹ àti rọ́bà gba òmíràn ní Araromi. Ọ̀bọ tó ń gbé orí igi gíga kò ríbi fi ṣe ilé nínú oko igi kan ṣoṣo. Ọ̀yà ní tirẹ̀ ń yọ̀, nítorí pápá àti ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀.

Títì ló sọ ẹran ìgbẹ́ di ọjà ńlá. Orúkọ Ore ti kàn káàkiri láti oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba ìpínlẹ̀ Mid-West kọjá tí wọ́n sì dé ibẹ̀ kí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró. Títí di òní, bí nǹkan bá le, àwọn àgbàlagbà á ní, ó le kú, ìjà Ore. Nígbà tí títì márosẹ̀ Ṣàgámù sí Benin wá là gba agbègbè náà ní àwọn ọdún 1970, Ore di ibi tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Benin, Oníṣà àti ìlà-oòrùn ti ń dúró jẹun. Èrò ti rìn láti Èkó, ebi ń pa á, owó wà lápò rẹ̀. Ìyá olóúnjẹ tó bá ní ìkòkò ẹran ìgbẹ́ lórí iná kì í pariwo kí wọ́n tó wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni ìsọ̀ etí títì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Wọ́n á kan igi mélòó kan mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé ọ̀yà yíyan, òkété tí wọ́n ti ká kò, àti ẹtu tí wọ́n ti là sí méjì lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin á di ọ̀yà tútù mú ní ìrù, á nà án sókè sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Awakọ̀ á tẹ bíréèkì, ojú fèrèsé ni ìdúnàádúrà ti ń wáyé, ẹran á wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó di Èkó. Ọjà irú rẹ̀ wà ní Aséjìrè, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, àwọn olùwádìí yunifásítì sì ti kọ̀wé lórí ẹ̀ lóríṣiríṣi. Ní ibi gbogbo tó bá ti wà, obìnrin ló wà láàárín ọdẹ àti oníbàárà: òun ló ń ra ẹran lọ́wọ́ ọdẹ, òun ló ń wì í, òun ló ń yan án, òun náà ló ń mọ iye tí oníbàárà yóò san.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igbó lẹ́yìn náà kò ṣòro láti tò. Ìbọn oníkátíríìjì gba ipò ṣakabùlà. Fìtílà kábáàdì ti jẹ́ kí ọdẹ ríran lóru tipẹ́. Tọ́ọ̀ṣì àdèmórí wá jẹ́ kó ríran ju ẹran lọ. Okùn wáyà kò gbówó lórí, èèyàn kan lè dẹ ọ̀pọ̀ sínú igbó, kó sì gbàgbé òmíràn tí ẹran ti kó sí títí yóò fi rà. Ọ̀kadà ń wọ ibi tí ẹsẹ̀ nìkan ń dé tẹ́lẹ̀, fóònù sì jẹ́ kí ọdẹ mọ oníbàárà kó tó kúrò nínú igbó. Ẹkùn di ìtàn ní agbègbè yìí. Ẹfọ̀n ṣọ̀wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ọjà ẹran ìgbẹ́ nílẹ̀ Yorùbá lónìí, ọ̀yà àti òkété ló pọ̀ jù, àwọn méjì tó ń bí tó sì ń rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ oko.

Ní ibi tí ẹran ńlá bá ti tán, ọwọ́ a máa sọ̀kalẹ̀ sórí kékeré. Òǹtàjà á gún ọ̀kẹ́rẹ́ yíyan mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ mọ́ igi kan, á sì tà á fún àgbàlagbà. Ẹran tí ọmọdé ń fi kànnàkànnà pa fún ara rẹ̀ ti di ohun tí bàbá ọmọ ń yìnbọn fún kó lè san owó ilé ìwé. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kọjá ìfẹ́ ẹran. Òṣì wà níbẹ̀, òfìfo igbó sì wà níbẹ̀.

Ìbẹ̀rù àìsàn tún dé. Láti ìlú Lassa ní Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀ ní 1969, Ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà lára ibi tó ti ń jà jù lónìí, pàápàá ní agbègbè Ọ̀wọ̀. Eku tó ń wọlé wá jẹ oúnjẹ ló ń gbé e. Ní oṣù Keje ọdún 2014, Ebola wọ Èkó. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú, kí àjọ ìlera àgbáyé tó kéde ní 20 oṣù Kẹwàá pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Ní oṣù wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ oníbàárà sá fún ẹran ìgbẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà: ní 1985, wọ́n rí kòkòrò àrùn mpox lára ọ̀kẹ́rẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, àìsàn náà sì tún yọjú ní Nàìjíríà ní 2017. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera tẹnu mọ́ ni pé inú ẹ̀jẹ̀ tútù ni ewu wà, fún ẹni tó ń pa ẹran, tó ń wì í, tó sì ń là á. Ẹran tó jinná dénú kì í gbé irú àrùn wọ̀nyí. Nítorí náà àwọn obìnrin ìsọ̀ etí títì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀kọ́, kí wọ́n tó máa fi ìkéde dẹ́rù ba ẹni tó ń jẹun.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti mú ẹran náà wá sílé. Ní àwọn ọdún 1970, S. S. Àjàyí ní Yunifásítì Ìbàdàn sin òkété nínú àgò, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1975. Ní orílẹ̀-èdè Benin, ìjọba àti àwọn ará Jámánì jọ dá ètò ọ̀sìn ọ̀yà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì kọ́ iṣẹ́ náà. Ọ̀yà ń gba ọ̀sìn dáadáa bí àgò bá gbẹ tí koríko sì tó. Kò tíì sí ẹni tó sọ ọ̀sìn ọ̀kẹ́rẹ́ di òwò ńlá.

Jíjẹ ọ̀kẹ́rẹ́ kò mọ sílẹ̀ wa. Ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Brunswick sọ pé ní 1828 ni Jimmy Matthews, alásè aláwọ̀ dúdú kan, kọ́kọ́ se ọbẹ̀ tó gba orúkọ ìlú wọn, ọ̀kẹ́rẹ́ sì ni ẹran inú rẹ̀. Adìyẹ ni ọ̀pọ̀ ń fi sè é báyìí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìfẹ́ ẹran ìgbẹ́ láti ilé fa ẹ̀wọ̀n: ní 2001, ilé ẹjọ́ sọ ènìyàn méjì sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́rin nítorí ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ wọn.

Nílé níbí, òfin wà láti 1985, èyí tó de òwò àwọn ẹran tó ń tán lọ. Akika wà lára wọn. Síbẹ̀ ní ọdún 2021, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gba ìpẹ́ akika tọ́ọ̀nù 7.1 ní Èkó, èyí tí wọ́n fẹ́ kó lọ sí òkè òkun. Ẹran tí ọdẹ Odigbo fi ń bọ́ ilé rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ìkógun bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ọwọ́ òfin mọ ìyàtọ̀. Ní Igbó Omo, wọ́n ti gba àwọn kan tó ń dọdẹ tẹ́lẹ̀ síṣẹ́ pé kí wọ́n máa ṣọ́ erin àti ẹran tó kù. Ìgbésẹ̀ tó dára ni. Ẹni tó mọ ipasẹ̀ ẹran ló lè dáàbò bò ó, ó sì yẹ kí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe irú rẹ̀ ní Igbó Oluwa, kí ó sì san owó tó lè bọ́ ilé fún wọn.

Ohun kan tún wà tí kò gba owó púpọ̀. Àwọn ọdẹ àgbà tó mọ orúkọ gbogbo ẹran igbó yìí, àti àwọn ìyá tó mọ bí wọ́n ṣe ń wì wọ́n àti ọbẹ̀ tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu, ṣì wà ní Agbabu, ní Odigbo àti ní àwọn abúlé tó wà lẹ́yìn Araromi-Obu. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí wà ní Oǹdó, kò jìnnà sí wọn. Kí àwọn olùkọ́ Yorùbá àti ti ìtàn níbẹ̀ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí wọ́n jókòó ti àwọn àgbà wọ̀nyí, kí wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n bá gbọ́ jáde ní èdè Yorùbá, kí ọwọ́ àwọn ọmọ agbègbè náà lè tẹ̀ ẹ́.